Bí Mo Ṣe Wádìí Bóyá Pínbọ́ọ̀lù Beatles Tó Ẹgbẹ̀rún Mẹ́jọ Dọ́là

$7,999 ni wọ́n dá lé e, èyí tí owó rẹ̀ sì kéré jù nínú oríṣi mẹ́ta tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ẹ̀rọ pínbọ́ọ̀lù Beatles tí ilé-iṣẹ́ Stern Pinball gbé jáde níparí ọdún 2018 ni mò ń sọ. Pínbọ́ọ̀lù ni ẹ̀rọ eré tí a ń fi ọwọ́ kékeré méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù irin padà sókè, kó má baà bọ́ lọ; Beatles sì ni ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Paul McCartney wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun ni, àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní àṣà àtijọ́: àwòrán ara rẹ̀, orin inú rẹ̀, títí dé ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní ilé oúnjẹ ní Chicago níbí ló kọ́kọ́ rí i, ọkàn wọn sì fà sí i. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ tó o máa ń tú àwọn nǹkan wọ̀nyí, bá mi wò ó dáadáa. Ṣé ó tówó bẹ́ẹ̀, àbí orúkọ ni wọ́n fẹ́ fi gba tọwọ́ mi?"

Lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń bá àwọn tó ní gbọ̀ngàn eré tún ẹ̀rọ wọn ṣe, nítorí náà iṣẹ́ yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Ìlú yìí gan-an ni orírun pínbọ́ọ̀lù. Gottlieb, Bally, Williams, agbègbè Chicago ni gbogbo wọn ti ṣe é, Stern náà ò sì jìnnà. Elk Grove Village ni wọ́n wà, nítòsí pápákọ̀ òfurufú O'Hare.

Àǹtí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ti sọ tiwọn kí n tó bẹ̀rẹ̀: àwọn ò fẹ́ ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ níbi tí àwọn ti ń ta àmàlà. Mi ò lè bá wọn jà sí i, torí ohun tí àwọn ìjọba ìlú ńlá níbí rò nígbà kan náà nìyẹn. Láti ọdún 1942 títí di 1976 ni New York fi fòfin de pínbọ́ọ̀lù, La Guardia tó jẹ́ olórí ìlú sì gbé òòlù, ó ń fọ́ wọn kí àwọn oníròyìn lè yà á ní fọ́tò. Chicago náà fòfin dè é fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú tó ń ṣe é tà fún gbogbo ayé! Ní 1976, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roger Sharpe fi ẹ̀rọ náà ṣeré níwájú ìgbìmọ̀ ìlú New York. Ó kọ́kọ́ sọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà, ó wá gbá a gba ibẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé ọgbọ́n ọwọ́ ni, kì í ṣe oríire. Mo sọ ìtàn yẹn fún Àǹtí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ dọ́là náà ńkọ́?

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wá ohun tí owó yẹn ń rà gan-an. Ìṣètò orí pátákó eré rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Seawitch ni, ẹ̀rọ tí Stern Electronics ṣe ní ọdún 1980, nígbà tí Sam Stern àti Gary ọmọ rẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ náà. Gary yìí kan náà ló dá Stern Pinball ti òní sílẹ̀, èyí ni pé ohun ìní ìdílé ni wọ́n gbé jáde láti inú àjà. Kò sí afárá kankan tí bọ́ọ̀lù ń gùn lórí ẹ̀. Pẹrẹsẹ ni gbogbo rẹ̀: àwọn pátákó kékeré tó máa ń rì wọlẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá kàn wọ́n, abẹ̀bẹ̀ irin kan tó ń yí bìrìbìrì bí bọ́ọ̀lù bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àti àwọn olórí rọ́bà tó ń ta bọ́ọ̀lù padà. Lọ́dún yẹn kan náà, nǹkan bí $6,000 ni ilé-iṣẹ́ yìí ń ta àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Pro, àwọn yẹn sì ní afárá, wọ́n ní iṣẹ́ irin lóríṣiríṣi. Ẹ ò rí i pé èyí tí iṣẹ́ ara rẹ̀ kéré ló wọ́n jù.

Kí ló wá fa àfikún ẹgbẹ̀rún méjì? Àkọ́kọ́ ni àṣẹ láti lo orúkọ, àwòrán àti orin àwọn Beatles fúnra wọn, èyí tí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì ni iye tí wọ́n ṣe. 1,614 ni wọ́n pè ní Gold, 250 ni Platinum, 100 ni Diamond. Ẹ ro ó pọ̀: 1964 ni, ọdún tí àwọn Beatles kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n sì kọrin lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Ed Sullivan. Ọgbọ́n tó dùn ni, mo gbà. Àmọ́ Diamond yẹn lé ní $20,000, ìṣètò pátákó tirẹ̀ náà kò sì yàtọ̀ sí ti Gold. Nígbà tí mo rí ìyẹn, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kì í ṣe igi àti wáyà ni wọ́n ń díye lé.

Síbẹ̀ ẹnu lásán kò tó. Mo lọ fi Beatles náà ṣeré ní gbọ̀ngàn eré kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti mọ̀ mí. Ó yára! Bọ́ọ̀lù irin bí gíráàmù 80 ń já bọ̀ lórí pátákó tí kò ní ohun tó ń dá a dúró. Bí o bá ṣẹ́jú, ó ti bọ́ sáàárín ọwọ́ méjèèjì lọ. Àárín pátákó ni wọ́n fi rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó ń yí sí, tó ní òòfà lábẹ́, tó máa ń gba bọ́ọ̀lù mú táá sì jù ú síbi tó bá wù ú. Ohun tuntun pàtàkì lórí pátákó náà nìyẹn, ó sì dára. Cousin Brucie, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò New York ayé ìgbà yẹn, ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Orin ń lọ, àwọn ọmọbìnrin ń pariwo lẹ́yìn, iná ń ṣẹ́jú. Ara mi yá gágá, mi ò ní purọ́.

Ọ̀rẹ́ tí mo máa ń bá tún ẹ̀rọ ṣe ní Seawitch nínú yàrá abẹ́lẹ̀ ilé rẹ̀. Mo lọ fi ìyẹn náà ṣeré, mo ṣe é títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ kò ju pí-pí-pí lọ, nọ́ńbà pupa ló ń fi àmì hàn, àwọ̀ ti ń ṣí lára igi rẹ̀. Àmọ́ abẹ̀bẹ̀ yẹn, ibi tí o ti máa gbá a náà ni. Àwọn pátákó tó ń rì, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà. Ìdùnnú tó wà nínú kí o gbá bọ́ọ̀lù láti ìdí ọwọ́, kí ó gba abẹ́ irin yẹn tí irin á máa yí tí àmì á máa sáré, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Mo padà sí gbọ̀ngàn eré. Mo ní kí wọ́n bá mi pa ohùn Beatles rẹ́ pátápátá, kí n fi ṣeré báyẹn. Ẹni tó wà níbẹ̀ wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí orin lọ ni Seawitch tó ní ọwọ́ líle, iná tó dára, àti rẹ́kọ́ọ̀dù olóòfà yẹn. Eré gidi ni, mo lè ṣe é fún wákàtí kan. Mi ò lè san $8,000 fún un. Bí wọ́n ṣe ṣí ohùn náà padà, inú mi tún dùn, mo sì mọ̀ pé ìyàtọ̀ inú dídùn méjèèjì yìí ni $2,000.

Wọ́n gbà kí n gbé pátákó rẹ̀ sókè kí n wo abẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo lè fi gbè é. Abẹ́ rẹ̀ mọ́, wáyà rẹ̀ kéré, nǹkan tó lè bàjẹ́ kò pọ̀ nítorí pé kò sí afárá àti iṣẹ́ irin rẹpẹtẹ. Ẹ̀rọ 1980 kì í ṣe báyìí. Wáyà ibẹ̀ nípọn bí okùn, bátìrì rẹ̀ á jò sórí pátákó iná, omi rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ títí yóò fi kú. Ìdajì iṣẹ́ tí mo ń ṣe lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, wàhálà bátìrì ni. Ẹni tó bá fẹ́ adùn ayé àtijọ́ láìfẹ́ máa lẹ wáyà ní alẹ́ Sátidé, ó ní ìdí tó fi lè sanwó fún tuntun.

Mo wá jókòó ṣe ìṣirò ti ilé oúnjẹ. Dọ́là kan ni eré kan. Ká ní eré mẹ́wàá ni àwọn tó ń dúró de oúnjẹ ń ṣe lóòjọ́, 800 ọjọ́ ni owó náà yóò fi padà, ẹ̀gbọ́n kì í sì í ṣí ilé oúnjẹ ní ọjọ́ Ajé. Ó lé ní ọdún méjì àbọ̀ nìyẹn, kí a tó sọ owó orí tí ìlú ń gbà lórí ẹ̀rọ eré, rọ́bà tó ń gbó, bọ́ọ̀lù tó yẹ ká máa pààrọ̀ kó má baà ha pátákó. Ohun kan ń ṣiṣẹ́ fún un: bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń tètè bọ́ lọ, eré kan kì í pẹ́, ẹlòmíràn á sì fi dọ́là tirẹ̀ sí i. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn. Àmọ́ Pro tí ó jẹ́ $6,000 á padà ní bí ọdún méjì, àwọn ọmọ ogún ọdún tó ń wọlé ra súyà níbẹ̀ kò sì mọ Beatles bí ẹ̀gbọ́n ṣe mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mọ̀ wọ́n dáadáa. Èkó ni wọ́n wà ní 1973 nígbà tí Paul McCartney wá gba orin sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ EMI ní Àpápá, tí àwọn olè dá a lọ́nà tí wọ́n gba téèpù orin rẹ̀ lọ, tí Fẹlá sì fẹ̀sùn kàn án pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ló wá jí. Bí ẹ bá bi ẹ̀gbọ́n léèrè, ẹ ó gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí mo gbé ìṣirò mi lọ bá wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, fún ọjà, rárá. Kò tó o. Bí ẹ bá ní ilé ni ẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ má bi mí nípa owó mọ́, ẹ bi ara yín bóyá ẹ fẹ́ máa gbọ́ orin wọ̀nyẹn lójoojúmọ́. Ẹ má sì ra tuntun. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣí páálí rẹ̀."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n wá tòkunbọ̀. Nígbà tí mo rí Gold kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn, mo wo ìdí àwọn ọwọ́ méjèèjì bóyá wọ́n ti ń mì, mo wo bí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ṣe ń yí àti bóyá òòfà rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù mú gírígírí, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú pátákó yípo ibi tí bọ́ọ̀lù ti máa ń bọ́ sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń kọ́kọ́ ṣí. A dúnàá dúrà. Owó tí a san kéré sí ti tuntun, kò sì kéré tó bí mo ṣe fẹ́, nítorí pé ẹni tó ń tà á náà mọ̀ pé wọn kò ṣe é mọ́. Àwa mẹ́rin la gbé e sọ yàrá abẹ́lẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n, mo dá ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìdàgẹ̀rẹ̀ tó yẹ, ìwọ̀n dígírì 6.5, kí bọ́ọ̀lù má baà máa rọra rìn bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Fíríìjì ohun mímu ni Àǹtí gbé sí igun ilé oúnjẹ yẹn, ó sì ń pawó fún wọn.