Bí mo ṣe kọ́pì ọ̀rọ̀ inú PDF látinú búráúsà

Ojú ìwé díẹ̀ ni mo nílò nínú PDF kan tó gùn gan-an, mi ò fẹ́ jókòó máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà lẹ́tà, mi ò sì fẹ́ gbé app tuntun kankan sórí kọ̀ǹpútà torí ẹ̀. Búráúsà ti tó. Chrome ń ṣí PDF fúnra ẹ̀, Firefox náà ti ń ṣe é látọdún 2013, mo kàn wọ́ fáìlì náà látinú fódà sórí táàbù tó ṣófo, ó ṣí.

Mo kọ́kọ́ tẹ Ctrl+F, mo ní kó bá mi wá ọ̀rọ̀ kan tí mò ń fojú ara mi rí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibí yìí o, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ gidi ló wà nínú fáìlì yẹn àbí fọ́tò ọ̀rọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú tèmi, ó rí i, àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí ìwé parí, ọ̀rọ̀ wà lójú korokoro, kò rí nǹkan kan, àṣé scan ni wọ́n ṣe ibẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀, mo fi máòsì fà á, Ctrl+C. Ìgbà tí mo lẹ̀ ẹ́ síbòmíì, gbólóhùn kan ṣoṣo já sí ìlà mẹ́rin! PDF ò sábà mọ ohun tó ń jẹ́ paragíráàfù, ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa dúró sí lójú ìwé ló ń tọ́jú, búráúsà ló ń méfò pé èyí ló tẹ̀ lé ìyẹn, ìdí nìyẹn tí ojú ìwé olópòó méjì fi máa ń dàrú mọ́ra wọn. Mo wá ń fà á ní òpó kan lẹ́ẹ̀kan, mò ń fi Ctrl+Shift+V lẹ̀ ẹ́ kí fọ́ǹtì inú ìwé yẹn má bàa bá a wá, mo sì ń so àwọn ìlà pọ̀ padà.

Ti scan yẹn, mo tẹ Ctrl+P bí ẹni fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo yan ojú ìwé tí mo fẹ́ nìkan, mo tọ́jú ẹ̀ bíi PDF kékeré, mo gbé e sí Google Drive, mo wá ní kó fi Google Docs ṣí i, ló bá sọ àwòrán di ọ̀rọ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ó máa ń ṣi 1 mú fún l, 0 fún O, àmì orí lẹ́tà náà sì ń bọ́, torí náà mo ṣí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan.