Ike yógọ́ọ̀tì lórí tọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará ilé, bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì nàró, kí ojú rẹ̀ kọ sókè, kí ẹ wá gbé ike yógọ́ọ̀tì funfun tó ti ṣófo lé e lójú. Ike yẹn kò mọ́ gaara bí ike omi, ìdí nìyẹn tó fi ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká gbogbo yàrá, tí kì í gúnni lójú. Tọ́ọ̀ṣì fóònù dára jù, torí ike kì í tètè ṣubú lórí rẹ̀: ẹ ṣáà dojú fóònù bolẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ ike náà o, kí èèrà má baà bò ó. Ìmọ́lẹ̀ á dín kù díẹ̀, ó lè má tó ka ìwé. Tọ́ọ̀ṣì LED, ìyẹn oníná ìgbàlódé, nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Gílóòbù àtijọ́ máa ń gbóná, ó lè yọ́ ike.