Ẹ má ju súẹ́tà àtijọ́ yẹn nù

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń fi òwú hunṣọ, kí ẹ tó ra òwú tuntun, ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ yín ná. Súẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ mọ́, òwú ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ yí i sí òdì, kí ẹ wo ojú rírán rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé etí rẹ̀ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rán an pọ̀, ẹ fi sílẹ̀, jíjá ni òwú rẹ̀ yóò máa já. Èyí tí wọ́n hun apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lọ́tọ̀ ni ẹ ń wá. Ibi tí wọ́n parí híhun sí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Bó ṣe ń tú, ẹ máa wé e mọ́ ẹ̀yìn àga. Ẹ dì í ní ibi mẹ́rin kí ó má baà lọ́ pọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rọra fún un, kí ẹ sì fi kọ́. Yóò nà. Wúùlù, ìyẹn òwú irun àgùntàn, tó bá ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, kò ṣeé tú o. Mo ti fi odindi ọ̀sán kan jà pẹ̀lú rẹ̀ rí, lásán ni.

Irú òwú wo ni? Ẹ fi iná kan èérún rẹ̀ nínú abọ́ irin. Wúùlù á rùn bí irun tó jó, á di eérú. Acrylic, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, á yọ́, á sì le, torí ike ni. Bí a bá ń fọ̀ ọ́, fọ́nrán kéékèèké rẹ̀ á máa bá omi lọ, nítorí náà àpò tàbí ohun mìíràn tí a kì í fọ̀ léraléra ni kí ẹ fi hun.