Iná mànàmáná láti inú omi ìdọ̀tí: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Tí gọ́tà ńlá bá ń hó lẹ́yìn òjò ní Àkúrẹ́, ẹ óò gbọ́ tí wọ́n á ní, "Iná tó ń ṣòfò nìyẹn." Ariwo omi kì í tan bóòbù. Ohun méjì ló ń pinnu iye iná: iye lítà tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti bí ibi tó ti ń já bọ́ ṣe ga tó. Lítà kan tó ń já láti mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, agbára bíi wọ́ọ̀tì 10 ló ní. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe á rí bí ìdajì rẹ̀ gbà. Ẹni tó bá ra tọ́báìnì, ìyẹn ẹ̀rọ tí omi ń yí láti mú iná wá, kó tó wọn omi, ó fi owó rẹ̀ ṣòfò ni.

Wíwọn ò le. Ẹ fi pákó àti amọ̀ dí gọ́tà, kí omi máa gba ẹnu páìpù kan ṣoṣo bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20. Tó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 10, lítà 2 nìyẹn. Bí ibẹ̀ bá ga ní mítà kan àbọ̀, wọ́ọ̀tì 15 lẹ máa rí. Kí omi ṣàn tọ̀sán tòru, ohun tó máa gbé ni fáànù oníwọ́ọ̀tì 50 kan fún bíi wákàtí mẹ́fà, lẹ́yìn tí bátìrì àti ínfátà bá ti jẹ tiwọn. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ tí gbogbo ilé ń wẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru. Ẹ wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú, torí omi tó ń kún gọ́tà lóṣù keje, omi òjò tó ń wá Odò Àlà lọ ni.

Fídíò tí wọ́n ń pín kiri nípa irú iná yìí ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Tọ́báìnì inú páìpù tí wọ́n ṣe sí Portland ní Amẹ́ríkà ní 2015, omi mímu tó mọ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ti As-Samra, ibùdó tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ní Jọ́dánì, ń lo omi ìdọ̀tí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti odindi ìlú Amman àti Zarqa ni, láti orí òkè ló sì ti ń ṣàn bọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní sọ́kàwéè tirẹ̀. Ibi tó lè ṣeé ṣe ni họ́sítẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn tàbí òtẹ́ẹ̀lì tó wà lórí ilẹ̀ dídàgẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 500 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń da lítà 100 nù lójúmọ́, omi wọn ò tó lítà 0.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó já láti mítà 4, wọ́ọ̀tì 11 ni. Ká má tan ara wa: gáàsì inú ìdọ̀tí yẹn kan náà lágbára jù ú lọ fíìfíì.

Àṣìṣe tó ń pa ẹ̀rọ jù ni kí wọ́n gbé e sínú omi tí ìdọ̀tí rẹ̀ ò tíì silẹ̀. Irun orí àti òwú á kọ́kọ́ wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á há sára irun, àkísà á há sára ọ̀rá, títí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ò fi ní lè yí mọ́. Ẹ̀yìn tánkì tí ìdọ̀tí ti ń silẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ fi ọ̀pá irin ṣe asẹ́ síwájú rẹ̀, àlàfo mìlímítà 20, kó dàgẹ̀rẹ̀ ní dìgírì 60 kí ó ṣeé fi réèkì họ lójoojúmọ́. Kẹ̀kẹ́ omi tó ní ife lára, tí omi ń já lé lórí, sàn ju tọ́báìnì alábẹ̀bẹ̀ kékeré lọ. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò kì í pẹ́ níbẹ̀, torí gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ máa ń di ásíìdì, a sì máa jẹ kọnkéré pàápàá. Irin aláìdípata 316 ló lè dúró.

Ẹ má fi ẹ̀rọ dí gbogbo ojú páìpù. Tí ìṣàn omi ò bá tó mítà 0.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan mọ́, iyanrìn àti ìgbẹ́ á jókòó sísàlẹ̀, omi á sì padà sínú ṣáláńgá àwọn tó wà lókè.

Ihò ìdọ̀tí tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ ń pa èèyàn. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń dúró sí. Tó bá sì pọ̀, imú ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó wà níbẹ̀ á rò pé ó ti lọ. Gáàsì kejì, mẹ́tẹ́ènì, lè bú gbàù tí iná bá kàn án nígbà tó jẹ́ ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí férémù tí ẹ lè fi okùn fà jáde, kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bí ẹnìkan bá dákú sínú rẹ̀, ẹ má bẹ́ tẹ̀lé e. Ẹni tó lọ gbà á ló sábà máa ń jẹ́ òkú kejì.

Ọ̀tánétọ̀ ọkọ̀ ni àwọn wẹ́dà máa ń dábàá, torí ó pọ̀ lọ́jà. Ó fẹ́ yí ju ìgbà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kẹ̀kẹ́ omi ò sì ju 30 lọ. Kó tó jí, ó lè jẹ wọ́ọ̀tì 40, èyí tó ju gbogbo iná yín lọ. Ẹ wá ẹ̀rọ amúnáwá olóòfà tó ń ṣiṣẹ́ tó bá ń yí díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ntúrólà sólà náà kò yẹ ẹ́. Tí bátìrì bá kún, á já iná. Pánẹ́ẹ̀lì ò bìkítà, àmọ́ kẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, fóltéèjì á ga, kọ̀ntúrólà á jóná. Irú èyí tó ń darí iná àṣẹ́kù sí hítà kékeré ni kí ẹ rà, kí hítà náà sì lè gbé ju gbogbo iná tí ẹ̀rọ lè mú jáde. Ẹ má so ó mọ́ wáyà BEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná: láti bátìrì sí bóòbù onífóltì 12, wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀.