Bí ẹ ṣe lè ṣètò ẹ̀kọ́ open science tí àwọn èèyàn á fi ọwọ́ ara wọn ṣe

Gbogbo ẹnu ló ń pe open science báyìí, pàápàá látìgbà tí UNESCO ti gbé àbá ẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè ní 2021. Ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé kí olùwádìí ṣí dátà ẹ̀, kóòdù ẹ̀ àti ìwé tó kọ sílẹ̀, kí ẹlòmíì lè rí i lò, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an? Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á kàn pe èèyàn jọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á jẹ ráìsì, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe tiyín, bó ṣe máa lọ rèé.

Ẹ kọ́kọ́ mú ohun kan ṣoṣo. Ẹ bi àwọn tó ń bọ̀ pé kí ló ń dà wọ́n láàmú, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "tá a bá parí, ẹni yìí á lè ṣe báyìí báyìí." Ohun téèyàn lè fojú rí ni kẹ́ ẹ kọ o. "Á mọ ìwúlò open science" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ "á lè to dátà ẹ̀ sínú Excel bó ṣe yẹ, á sì gbé e sórí Zenodo," ìyẹn lẹ̀kọ́. (Zenodo ni ìkànnì tí àwọn olùwádìí ń kó dátà àti ìwé wọn sí kí gbogbo èèyàn lè rí i.)

Lẹ́yìn náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Àwọn The Carpentries, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn olùwádìí ní kóòdù àti dátà, ti ń ṣe irú ẹ̀ látìgbà tí Software Carpentry tó wà lára wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1998, NASA ní ẹ̀kọ́ Open Science 101, The Turing Way, ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí, náà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Láìsẹ́ǹsì CC BY, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò, tó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà yín láyè kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ tiẹ̀ túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, kẹ́ ẹ ṣáà ti dárúkọ ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ yí padà. Ẹ yọ àpẹẹrẹ ilẹ̀ òkèèrè kúrò, ẹ fi iye owó gààrí ọjà yín sí i.

Ibi tó máa ń dùn jù rèé. Ẹ ní kí kálukú ṣí Excel, kó tẹ SEPT2, kó wá tẹ Enter. Orúkọ jẹ́ẹ̀nì kan (ohun àjogúnbá tó wà nínú ara) nìyẹn, àmọ́ kíá ni Excel máa sọ ọ́ di 2-Sep, tí wọ́n bá tún tẹ MARCH1 á di 1-Mar. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ wá sọ fún wọn pé nǹkan kékeré yìí ba iṣẹ́ àwọn èèyàn jẹ́ débi pé ìgbìmọ̀ tó ń fún jẹ́ẹ̀nì èèyàn lórúkọ pa orúkọ wọn dà ní 2020, wọ́n di SEPTIN2 àti MARCHF1. Ẹ gbọ́ ná, jẹ́ẹ̀nì ló yí orúkọ padà nítorí Excel! 2023 ni Microsoft ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ibi téèyàn ti lè pa nǹkan yẹn sí i. Látibẹ̀ kẹ́ ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n yan Text fún kọ́lọ́ọ̀mù kí wọ́n tó tẹ nǹkan sí i, kí ohun kan ṣoṣo wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan, kí wọ́n má sì fi àwọ̀ pupa tàbí yẹ́lò sàmì láìkọ ìtumọ̀ ẹ̀ síbẹ̀, torí tí fáìlì bá ti di CSV, ìyẹn fáìlì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán, àwọ̀ ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, ẹ pa sláìdì tì. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo èèyàn, kí àwọn náà máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé yín, ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n rí i tẹ́ ẹ bá tẹ nǹkan sódì. Ẹ fún kálukú ní bébà alámọ̀ọ́lẹ̀ aláwọ̀ méjì, ọ̀kan fún "mo ti ṣe tán," ìkejì fún "ẹ gbà mí," kó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ẹni tó ń tijú àtina ọwọ́ sókè náà á rí ìrànlọ́wọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì sì máa já yín kulẹ̀, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ kó gbogbo fáìlì sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ sì ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀. Irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni H3ABioNet, àjọṣe àwọn olùwádìí ilẹ̀ Áfíríkà, ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn ní bioinformatics (fífi kọ̀ǹpútà ṣàyẹ̀wò dátà nípa ohun alààyè) káàkiri Áfíríkà: wọ́n ti ya fídíò ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kíláàsì wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, olùrànlọ́wọ́ sì wà níbẹ̀ tó ń dáhùn ìbéèrè.

Kó tó di pé wọ́n lọ, kí wọ́n kọ ohun kan tó yé wọn àti ohun kan tó rú wọn lójú sára bébà yẹn. Ẹ fi ṣe àtúnṣe, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ fún olùkọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín: ìṣẹ́jú mélòó ni iṣẹ́ yìí gbà, ibo ni wọ́n ti máa ń há. Ẹni tó kọ́ ọ lónìí ni kẹ́ ẹ fún ní apá kan kọ́ nígbà míì.

Ẹ wá gbé gbogbo ẹ̀ sórí Zenodo, àwọn CERN ló ni ín, wọn kì í gbowó, ẹ máa gba DOI, ìyẹn nọ́ńbà tí kì í yí padà téèyàn lè fi wá iṣẹ́ yín rí, ẹ sì lè so ORCID yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí, mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ PDF nìkan, ẹ fi fáìlì tí ẹlòmíì lè tún ṣe sí i. Dátà tí orúkọ tàbí fóònù aláìsàn wà nínú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá, bó tiẹ̀ jẹ́ fún ẹ̀kọ́ o. Tẹ́ ẹ bá sì ṣe àtúnṣe, ẹ má pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹ gbé e síbẹ̀ bí ẹ̀dà tuntun, á ní DOI tiẹ̀, ọ̀kan á sì tún wà tó ń mú èèyàn lọ sí èyí tó dé kẹ́yìn.