Tí ọ̀kadà two-stroke ò bá tètè sitáàtì lẹ́yìn àtúnṣe ẹ́ńjìnnì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀kadà two-stroke (èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀) kó ẹ̀gẹ́ láti oko wọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì yín ṣe, tí ẹ wá ń ta kíìkì títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra kábúrétọ̀ tuntun.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá púlọ́ọ̀gì ń ta iná, kí epo má sí nítòsí o. Bó bá ń ta, ẹ ro epo tí ẹ ti po ọ́ìlì mọ́, bíi ṣíbí kékeré kan, sínú ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ ta kíìkì. Bó bá gbiná díẹ̀ tó sì kú, yálà epo ò dé ibẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ń jò.

Ọ́ìlì síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò) ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kiránkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Inú ilé kiránkì ni two-stroke fi ń fa epo, ibẹ̀ náà ló fi ń tì í sókè. Bí síìlì bá gé nígbà tí wọ́n ń kì í wọlé, ẹ́ńjìnnì ò ní lè fa nǹkan kan dáadáa. Mẹkáníìkì tí four-stroke nìkan mọ́ lára kì í sábà wo ibẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí owó síìlì ò tó ti pístìn rárá.

Bí kíìkì bá ń ta ẹsẹ̀ yín padà, ẹ yẹ kíì fláíwíìlì (irin kékeré tó mú fláíwíìlì dúró sójú ibi tó yẹ lára kiránkì) wò, ó lè ti gé.