Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Ìtàn Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Jẹ́ ní Yunifásítì

Bí ìròyìn bá ti dé pé àwọn tó ń ṣe accreditation, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹ̀ka kúnjú ìwọ̀n, ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀ka wò, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ HOD (olórí ẹ̀ka) máa ń pàṣẹ ni pé kí wọ́n palẹ̀ ọ́fíìsì mọ́. Wọ́n á fa páálí jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n á tú kọ́bọ́ọ̀dù, fáìlì tí eruku ti bò á di ẹrù ọkọ̀ akólẹ̀. Èyí tí kò bá dé ààtàn á dé ọ̀dọ̀ alákàrà lẹ́yìn ọgbà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀ka kan náà á fẹ́ ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún, wọ́n á yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ á wá máa bèèrè kiri pé, "Ta ló ní fọ́tò HOD àkọ́kọ́ lọ́wọ́?"

Ọwọ́ ti bọ́ nígbà náà. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ mẹ́nu bà ni èyí tó ń mú kí ọwọ́ bọ́, mo sì ń bá àwọn tí ìwé wà ní ìkáwọ́ wọn sọ̀rọ̀: HOD, akọ̀wé ẹ̀ka, òṣìṣẹ́ láíbìrì, àti akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn amọṣẹ́dunjú nígboro.

Títọ́jú ìwé ayẹyẹ, dída ìwé iṣẹ́ nù

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹ́ kù sínú kọ́bọ́ọ̀dù: ìwé pẹlẹbẹ àjọ̀dún, ìwé ètò ìgboyèjáde, fọ́tò VC (ọ̀gá àgbà yunifásítì) níbi tó ti ń bọ àlejò lọ́wọ́, inaugural lecture (àsọyé ìfilọ́lẹ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n) tí wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ lọ súà. Láíbìrì ní gbogbo ìyẹn. Ohun tí kò sí níbòmíràn ni àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹ̀ka, ìròyìn olùdánwò tó wá láti ìta, tímútébù, rẹ́jísítà láàbù, lẹ́tà tí wọ́n fi ń bẹ yunifásítì fún owó ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìbàdàn. Abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀n ni University College Ibadan wà láti 1948 títí ó fi dá dúró ní 1962, oyè Lọ́ńdọ̀n ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà. Ẹ̀ka kan kò lè dédé yí ohun tó ń kọ́ni padà láìjẹ́ pé Lọ́ńdọ̀n fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá wá fẹ́ mọ bí ìtàn Áfíríkà ṣe ráyè wọ inú ẹ̀kọ́ History níbẹ̀, láyé onímọ̀ ìtàn Kenneth Dike àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, inú lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ló yẹ kó wò: ta ló dábàá, ta ló kọ̀, èsì wo ló dé, oṣù mélòó ló gbà. Ìwé àjọ̀dún á kàn ní "wọ́n fi ìtàn Áfíríkà kún un," ó parí.

Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san, ọmọ Ìbàdàn tó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé kó tó di ògúnnágbòǹgbò láàárín ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbèsè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìpàdé, wàhálà ẹbí ló kún inú rẹ̀. Kenneth Dike Library, láíbìrì Yunifásítì Ìbàdàn, ló wà lónìí, níbi tí ìwé Herbert Macaulay náà wà, àwọn onímọ̀ ìtàn kì í sì í kúrò nídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe ayẹyẹ fún un nígbà tó ń kọ ọ́.

Bíbẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọdún tó wà lára pátákó

Pátákó lẹ́nu ọ̀nà á ní "a dá a sílẹ̀ ní 1962," gbogbo ènìyàn á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ti ń mí kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948, láti Yaba Higher College ni wọ́n ti kó wọn wá, Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé kí ibùdó tòní tó ṣe é gbé. Àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń rí aláìsàn kí UCH (University College Hospital) tó ṣí ní 1957. Ẹni tó bá wá ìwé wọn nínú ọgbà UCH nìkan kò tíì dé ibi tí ìtàn wà.

Ti àwọn apòògùn tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Yaba ni ilé ẹ̀kọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Ìbàdàn, ó wá di ara University of Ife nígbà tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962. Ìbàdàn náà ni Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀; 1967 ló tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀, 1987 sì ni orúkọ rẹ̀ di Obafemi Awolowo University. Ìran ẹ̀kọ́ kan náà, ìlú mẹ́ta, orúkọ mẹ́rin. Nítorí náà, kí ẹ tó to ìwé kankan, ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo tó máa sọ gbogbo orúkọ tí ẹ̀ka yín ti jẹ́, ọdún tí ó yí i padà, àti ilé tó wà nígbà kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé yẹn á gba ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ wàhálà ju kátálọ́ọ̀gù ńlá lọ.

Títú fáìlì palẹ̀ láti tún un tò "dáadáa"

Èyí ló ń dùn mí jù, torí pé àwọn tó láápọn ló máa ń ṣe é. Ọ̀lẹ kì í tú fáìlì.

Ẹ jẹ́ ká fi fáìlì kan ṣe àpẹẹrẹ, kí wọ́n kọ "Ẹ̀rọ láàbù, 1974–79" sí i lára. Lẹ́tà HOD sí dínì ló wà níwájú, tó ń bèèrè ẹ̀rọ awò-kòkòrò mẹ́rin. Etí lẹ́tà yẹn ni dínì fi báírò pupa kọ ọ́ sí pé kò sí owó ní sáà yìí. Ìwé iye owó láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni bébà kékeré tí òṣìṣẹ́ láàbù fọwọ́ kọ: kọ̀ǹtẹ́nà dé, ẹ̀rọ méjì fọ́. Ẹnìkan wá jókòó, ó kó gbogbo lẹ́tà dínì sí páálí kan, gbogbo ìwé owó sí òmíràn, ó sọ bébà kékeré nù torí pé kò ní orí ìwé yunifásítì. Yàrá mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 1977 fi ń fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe dánwò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́.

Òfin àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ rọrùn: ohun tó bá ti ọwọ́ kan wá, ẹ jẹ́ kó wà pọ̀, bí ẹni tó ni ín ṣe tò ó, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe da ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n méjì pọ̀ nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti dàrú kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya bó ṣe wà nínú páálí, ẹ kọ ohun tí ẹ bá sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìwà ọwọ́ tó ń ba bébà jẹ́

Sẹ́lótéèpù ni olórí ọ̀tá. Ọdún díẹ̀, ó ti pọ́n, ó ti ṣí, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ti jẹ inú bébà lọ. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di fáìlì máa ń yọ́ mọ́ ìwé nínú ooru wa. Okùn òwú ló dára. Pínnì irin máa ń dípẹtà, pàápàá lásìkò òjò. Lamination tí àwọn ènìyàn ń sáré ṣe fún ìwé ẹ̀rí àtijọ́, ẹ má ṣe é fún ìwé tó jẹ́ ojúlówó: iná tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ń ṣe bébà níbi, kò sì ṣe é bó mọ́.

Káńfọ̀ kò ní kí ìkán má jẹ ìwé. Ìkán ń gba inú ògiri àti ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹ má gbé páálí kalẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, ẹ má sì jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀lì kan ògiri. Ẹ gbé ìpele ìsàlẹ̀ sókè tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀ lóṣooṣù. Omi náà wà ńbẹ̀. Ìkún-omi ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 ní Ìbàdàn kò yọ ọgbà yunifásítì sílẹ̀, síbẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ tí kò sí ẹni tó fẹ́ lò ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣì máa ń fi sílẹ̀ fún ìwé àtijọ́. Ẹ bá wọn jà sí i.

Fọ́tò tí kò ní orúkọ, ẹ má fi báírò kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Tàdáwà á hàn níwájú. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tètè gbé e lọ fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó mọ ojú gbogbo ènìyàn inú fọ́tò 1968 kò pọ̀ mọ́.

"A ti scan gbogbo rẹ̀"

Bí mo bá gbọ́ gbólóhùn yìí, ìbéèrè mi ni pé: níbo ló wà? Lọ́pọ̀ ìgbà, inú fóònù ẹnìkan ni, tàbí wọ́n ti fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó ti fún àwòrán náà pọ̀ débi pé ẹ ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí etí ìwé. Orúkọ fáìlì á jẹ́ IMG kan pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ. Kò sí ẹni tó máa rí nǹkan nínú ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀.

Ẹ scan ìwé ní 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó) ó kéré tán. Ẹ fi orúkọ ẹ̀ka, ọdún àti nọ́ńbà fáìlì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ ní, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìkẹta má sì wà lórí fláàṣì tí ẹ tún fi ń gbé nótì kíláàsì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má sun ojúlówó nítorí pé ẹ ti ní àwòrán rẹ̀.

Gbígbàgbé àwọn tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, àti àwọn tó wà nígboro

Bí wọ́n bá ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́wàá ni wọ́n máa ń tò. Ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ní 1975. Màmá tó ń tẹ ìwé lórí tápírátà, bàbá méséńjà, òṣìṣẹ́ láàbù àti awakọ̀ tó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko ìwádìí, àwọn wọ̀nyí ló mọ bí ẹ̀ka ṣe ń rìn. Yorùbá ni kí ẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀ bí ó bá jẹ́ òun ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ wà lára ẹ̀rí.

Nígboro, nǹkan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn, awọnlẹ̀, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ láíbìrì kì í sábà ní ọ́fíìsì tiwọn ní ẹ̀ka ìpínlẹ̀. Ilé akọ̀wé ni ìwé ń gbé, bí akọ̀wé bá sì ti yí padà, ìwé á ṣí kiri títí ó fi máa sọnù. Bẹ́ẹ̀ ìtàn wọn àti ti yunifásítì so pọ̀. Ìpàdé tí UNESCO ṣe nípa láíbìrì ní Ìbàdàn ní 1953 ló yọrí sí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1954. Ẹ̀ka ti Nàìjíríà di ẹgbẹ́ tó dá dúró ní 1962, lẹ́yìn tí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà níṣẹ́. Ẹni tó bá ní ìdajì nìkan kò lè ṣàlàyé ìdajì yẹn gan-an.

Yíyọ ìjà kúrò

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún fẹ́ràn kí ohun gbogbo dùn. Lẹ́tà ẹ̀sùn á wọ inú iná, ìwé ìdaṣẹ́sílẹ̀ á sọnù. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1971 ni ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ Kúnlé Adépéjù nínú ọgbà UI (Yunifásítì Ìbàdàn). Ta ló máa gbà pé kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ má sí nínú ìwé yunifásítì nítorí pé kò yẹ ayẹyẹ?

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan tún wà ní òdìkejì: gbígbé gbogbo rẹ̀ síta. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́, ìwé àìsàn òṣìṣẹ́, ẹjọ́ ìbáwí, gbogbo ìwọ̀nyí ní ẹni tí wọ́n jẹ mọ́ tó ṣì wà láàyè, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì wà. Ẹ má sun ún, ẹ má fi hàn. Ẹ dì í lọ́tọ̀, ẹ kọ ọdún tí wọ́n lè ṣí i sí i lára.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìwé lọ sí ibi tó dára, ẹ bá láíbìrì yunifásítì tàbí National Archives sọ̀rọ̀; ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà UI fúnra rẹ̀. Ẹ má kàn já páálí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kó ìwé àdéhùn lọ́wọ́ tó máa sọ ẹni tó ni ín báyìí, ẹni tó lè wò ó, àti èyí tó gbọ́dọ̀ wà ní títì. Kí àkójọ ohun tó wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu méjèèjì, kí ọ̀kan padà sí ọ́fíìsì akọ̀wé ẹ̀ka.